Adìẹ Ni Fíríì, Kì í Ṣe Ẹyin

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ, n kò sì ní fi ìbínú gé ìkíni kúrú, nítorí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó sì jẹ́ ìjókòó tí ó ní ẹ̀yìn, kí o lè rí ohun fara tì bí o bá kà á dé ìdajì. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí àárẹ̀ wọ ara rẹ, kí ojú rẹ má ṣe fọ́ níwájú kọ̀ǹpútà tí ò ń wò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí etí rẹ sì ṣí, nítorí etí ni mo nílò jù lọ lára rẹ lónìí.

Bàbá rẹ wà dáadáa. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń dùn ún, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún náà sọ àsọtẹ́lẹ̀ òjò, ṣùgbọ́n òjò náà kì í rọ̀. Káfíńtà tó múlé tì wá ti kan ilẹ̀kùn tuntun sí ilé àwọn adìẹ, ilẹ̀kùn gidi, tí ó ní àgádágodo, láti ìgbà náà ni àwọn adìẹ sì ti ń yé bí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá já ìwé ìkìlọ̀ lé lọ́wọ́. Awakọ̀ tó ń wá kó ẹyin fún ilé iṣẹ́ rẹ, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn a máa kọjá ọkọ̀ rẹ̀, ṣì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ kalẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ ni o wá bá mi nílé pé ilé iṣẹ́ yín, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú, ń wá ẹyin, pé ìwọ gan-an sì wà nínú ẹ̀ka tí ń fi iye lé ọjà. Mo yọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹyin fún yín ní iye tí ẹ dá, nítorí n kò lè máa bá ọmọ mi nájà. Ní ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ mú páálí òfìfo kan tí ẹ fi ń ta ẹyin mi wá fi hàn mí. Wọ́n ya àwòrán adìẹ kan sí i lára, tí ó dúró lórí koríko tútù, tí ó ń wo òkèèrè bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. N kò mọ adìẹ náà rí. Ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ fíríì sí gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò fi ojú sí nítorí awò ojú mi kò sí nítòsí. Ẹni tó jáde ní pólì bí tèmi kò nílò ògbifọ̀ fún fíríì. Ọ̀fẹ́ ni fíríì. Mo wá rí i pé ilé iṣẹ́ rẹ ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi láti fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iye tí ẹ fi ń rà á fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Mo dìde láàárín ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, mo kéde rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Kí àtẹ́wọ́ náà má ṣe di gbèsè sí ọ lọ́rùn.

Nígbà tí àbúrò rẹ bímọ, mo palẹ̀ mọ́ láti wá tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé nọ́ọ̀sì yí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò ó sì funfun bí ògiri, ó sì ní kí ó máa jẹ ẹyin lójoojúmọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò dá a padà sórí ibùsùn ilé ìwòsàn. N kò gbé ẹyin kankan dání. Ta ní ń pọn omi lọ sí odò? Ìwọ náà ti fi èsì ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun náà: àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Mo rò pé o fi ọwọ́ ṣèṣe ni. Mo ti fi ìpara rán Jẹ́jẹ́ sí ọ, kí o máa fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ilé rẹ ni mo kọ́kọ́ dé, bí o ti mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti sùn kí n tó rí ọ, o sì ti jáde kí n tó jí. Ìyàwó rẹ tọ́jú mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín tó wà ní igun òpópónà, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti dojú kọ ara wọn bí àwọn orogún. Ó mú páálí ẹyin kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ kan tí kò sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó fi káàdì kan kàn án, ẹ̀rọ náà sì dúpẹ́ ní ohùn obìnrin. Kò sí owó tó jáde. Mo rí iye kan lábẹ́ ibi tí wọ́n to ẹyin sí, mo sì rò pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí àwọn tó ń gba ọ̀fẹ́ lè mọ bí oore náà ti tóbi tó. Nígbà tí ẹ̀rọ náà ní ohun kan wà lórí pẹpẹ tí òun kò mọ̀, mo fún un lésì pé báàgì mi ni, kí ó fọkàn balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ. Bóyá o ti gbàgbé bí yàrá náà ti rí, nítorí náà jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lórí ìsọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tí ń tún bàtà ṣe. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, ògiri ilé kejì ni ó sì kọjú sí. Okùn tí wọ́n sá aṣọ ọmọ sí gba orí ibùsùn kọjá, sítóòfù wà lórí àpótí, ọmọ sì wà nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀, ó sùn fọnfọn. Ọkọ rẹ̀ wà ní ilé búrẹ́dì níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo bi àbúrò rẹ bóyá ó ń jẹ ẹyin. Ó ní òun ń jẹ ẹ́, Màmá, lọ́jọ́ tí ọkọ òun bá gba owó. Mo bi í pé kí ló dé tí yóò fi dúró de owó nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, tí wọ́n ń fi tọrẹ. Ó wò mí. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé báàgì mi.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mo mú páálí méjì, nítorí n kò fẹ́ ṣe ojúkòkòrò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo sì kọjú sí ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nawọ́ dí mi. Ó ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò tíì sanwó. Mo ní kí ó ka ohun tó wà lára páálí. Ó kà á. Ó ní adìẹ ni fíríì, Màmá, kì í ṣe ẹyin. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó tilẹ̀ fi apá méjèèjì ṣe bí ìyẹ́, ó ní ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé adìẹ tó yé e ń rìn kiri nínú pápá bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó sé e mọ́. Mo sọ fún un, láìgbé ohùn sókè, pé èmi ni mo ni adìẹ náà, pé kò tíì rí pápá rí láyé rẹ̀, pé inú ilé tí ó ní àgádágodo ni ó wà, pé ọ̀kan nínú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì nìyí. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà láti inú báàgì, mo fi hàn án. Obìnrin kan tó wà lórí ìlà pariwo pé ẹ jẹ́ kí màmá máa lọ jàre, ẹ̀wọ̀n ni adìẹ wọn wà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi ẹ̀rín bọnu. Ẹ̀rín náà kò dùn mí tó ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni mo wá wọ awò ojú mi, mo sì wo iye tó wà lábẹ́ ẹyin.

Ó ju ìlọ́po méjì iye tó wà ní igun òpópónà tìrẹ lọ. Páálí kan náà, adìẹ elékèé kan náà lórí koríko kan náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìṣe, mo sì pe ọmọbìnrin tó ń gbowó pé kí ó wá tún un kọ. Ó ní, ẹ má bínú, Mà, àwa kọ́ la fi lé e, láti ọ́fíìsì àgbà ni. Ó tún rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí òun pàápàá bá fẹ́ jẹ ẹyin, òun a máa wọkọ̀ lọ sí apá ọ̀dọ̀ àwọn olówó lọ́jọ́ ìsinmi lọ rà á, ibẹ̀ ló dínwó. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rìn, mo ti rí i: ìlú tí ẹni tí kò ní ti ń sanwó ju ẹni tó ní lọ, lórí ohun kan náà tó ti ìdí adìẹ kan náà jáde.

Mo pè ọ́. O mọ ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè fi ojú ara rẹ rí i. O ní, Màmá, kì í ṣe èmi o, ẹ̀rọ ni. O ní ẹ̀rọ ló máa ń wo àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì mọ iye tí àdúgbò náà lè gbé. O ní ní àdúgbò tìrẹ, ṣọ́ọ̀bù pọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ń ṣe sùúrù; ṣùgbọ́n ní àdúgbò àbúrò rẹ, ṣọ́ọ̀bù yín nìkan ló wà, àwọn ará ibẹ̀ kò sì ní mọ́tò tí wọn yóò fi lọ rajà níbòmíràn. Mo bi ọ́ bóyá ẹ̀rọ mọ̀ pé àbúrò rẹ wà níbẹ̀. O rẹ́rìn-ín. O ní ẹ̀rọ kì í mọ ènìyàn, Màmá, nọ́ńbà ló mọ̀. Nígbà tí n kò bá ọ rẹ́rìn-ín, o ní owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, epo ti gbówó lórí. Mo bi Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ní iwájú ilé àbúrò rẹ gan-an ni òun máa ń kọ́kọ́ gbà wọ ìlú, kí òun tó yí lọ sí ọ̀dọ̀ tìrẹ. Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun kò ní eyín. Ilé iṣẹ́ rẹ ni mo ń bá wí.

O tún ní bí n kò bá gbà, kí n wò ó fúnra mi lórí fóònù. Fóònù náà kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ibi tí mo wà. Mo kọ ọ́ sí i ní kíkún pé mo wà ní etí ibùsùn ọmọ mi obìnrin, tí ọmọ ọwọ́ sì wà lórí itan mi. Kò dáhùn. Àbúrò rẹ gbà á, ó tẹ orúkọ òpópónà wọn sí i, iye jáde. Mo ní kí ó tẹ tìrẹ. Iye já wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo wá mọ̀ pé fóònù jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ibi tí o ń gbé, kí ó tó mọ bí yóò ṣe fojú di ọ́ tó.

Ní ti ẹ̀rọ, ìwọ mọ̀ pé mo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní pólì, a sì ní ẹ̀rọ ìṣirò níbẹ̀, tí ó wúwo bí ọlọ. N kò rí i kí ó ṣírò ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sí i lára. Nítorí náà, nígbà tí o ní ẹ̀rọ ń wo àdúgbò, ó ń gbọ́ ìròyìn ta ló ní mọ́tò ta ni kò ní, ó ń ṣe sùúrù fún àwọn kan, kì í ṣe é fún àwọn mìíràn, ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn ni, pé Ẹ̀rọ sì jẹ́ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, bí a ṣe ń pe awakọ̀ wa ní Jẹ́jẹ́. Mo wọ aṣọ tí mo fi máa ń lọ sí ìpàdé, mo sì lọ sí ọ́fíìsì àgbà yín lọ bá a.

Ọmọbìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí mi dáadáa. Ó ní ta ni ẹ fẹ́ rí, Mà? Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rọ, tí ń fi iye lé ẹyin. Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ tẹ orí bọ abẹ́ tábìlì. Ó ní kò sí nínú ilé yìí, Mà, inú àwọsánmà ló wà. Mo ní ó mà ṣe o, ìgbà wo ló kú? Ó ní kò kú, Mà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo béèrè ìgbà tó máa ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní kì í sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe mí ní kàyéfì mọ́: ẹni tó bá ń ti ojú ọ̀run fi iye lé oúnjẹ, báwo ni yóò ṣe rí ìpéǹpéjú ọmọ ènìyàn? Mo wá béèrè ìwọ. Wọ́n ní o wà nípàdé lókè. O ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún. Ó tutù, ṣùgbọ́n kò tutù tó ọkàn mi. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ, iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán ọ, o sì fi tẹrú jẹ́ ẹ lórí àbúrò rẹ.

Láti ẹnu ọ̀nà yín ni mo ti pe Jẹ́jẹ́. Mo ní kí ó má ṣe gbé ẹyin ọ̀sẹ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ yín, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé àbúrò rẹ. Ó ní, yéè, Màmá, wọ́n á lé mi. Mo ní títí ilé iṣẹ́ yín yóò fi gbà á wọlé, ẹyin mi ni, òun sì ti gbé e dé ibi tí ẹni tó ni ín ní kí ó gbé e dé. Ọ̀gbẹ́ni alátùn-únṣe bàtà yá mi ní tábìlì. Mo to kíréètì lé e lórí, mo sì ń tà á ní iye tí ẹ fi ń rà á lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ Jẹ́jẹ́, láìsí àlékún. Àwọn obìnrin òpópónà náà dé pẹ̀lú abọ́, pẹ̀lú fìlà ọmọ, ọ̀kan tilẹ̀ fi etí aṣọ gbà á. Ẹ̀ṣọ́ yín jáde wá láti lé mi. Ó dúró, ó wo ẹyin, ó wẹ̀yìn, ó ní, Màmá, ṣé fíríì ni? Mo ní rárá, ẹlẹ́wọ̀n ni. Ó ra méjìlá. Àbúrò rẹ jẹ méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún ń wo ìkòkò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún yí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó ní ó ti ń ní àwọ̀, kí ó má ṣe dáwọ́ dúró o.

Lónìí, bí wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù yín, ọmọbìnrin tó ń gbowó sáré gba ojú títì kọjá wá bá mi. Ó ní iye ẹyin ti wálẹ̀, Màmá, ó ti wálẹ̀ ju ti òpópónà àwọn olówó lọ, kò sì sẹ́ni tó pè wá lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ti rí yín! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rọ. N kò bí i, n kò fún un lọ́mú, síbẹ̀ ó rí mi láti ibi gíga tó wà, ojú tì í. Ìwọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré, o ní kí wọ́n fún mi lómi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà fi kún un, ó ní ọjọ́ tí mo bá kó tábìlì mi kúrò, yóò tún gòkè, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nítorí náà, n kò kó tábìlì mi. Bàbá rẹ ti gbà láti máa bọ́ adìẹ títí n ó fi dé, Jẹ́jẹ́ sì ti gbà láti máa gbé ẹyin wá. Ibí ni n ó wà títí ẹnìkan tó ní ìyá yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye ẹyin òpópónà yìí sílẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ó gòkè mọ́.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ owó. Oúnjẹ adìẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oògùn orúnkún bàbá rẹ ti tán pátápátá, ilé iṣẹ́ yín kò sì ní í sanwó ẹyin tí kò dé ọ̀dọ̀ yín. N kò kọ iye tí mo ń béèrè, nítorí ọwọ́ ibi tí yóò ti wá ni ó wà. Bí o bá fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí o máa ń fún wa ni, nítorí mo ti wo àdúgbò rẹ, mo sì rí i pé ó lè gbé e. Bí ìyàwó rẹ ni yóò gbé e wá, ìlọ́po méjì ni. Bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ gun àtẹ̀gùn yìí, tí o jókòó sí etí ibùsùn àbúrò rẹ, tí o gba ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, n kò ní gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìjádelọ rẹ àti ìwọlé rẹ. Kí iṣẹ́ rẹ má ṣe bọ́, kí ara ìyàwó rẹ le. Àwọn ọmọ tí ẹ bá bí, kí wọ́n ka ọ́ kún ènìyàn nígbà tí o bá di arúgbó, kí wọ́n má ṣe wo àdúgbò rẹ kí wọ́n tó mọ iye oúnjẹ tí wọn yóò fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.